Orúkọ Tí Kò Tà Mọ́

Inú ti ń bí Alábẹ́rẹ́ kí oníbàárà náà tó la ẹnu, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Aláboyún ni oníbàárà náà. Ọkọ rẹ̀ bá a gbé báàgì dání lẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. A fẹ́ kí ẹ bá wa kọ orúkọ sára bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣàjèjì díẹ̀ o, ti àwọn àgbà ayé àtijọ́ ni. Ẹ lè má gbọ́ ọ rí."

Alábẹ́rẹ́ ò jẹ́ kó dárúkọ. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì kan yọ lórí pẹpẹ, ó tẹ́ ẹ sórí kọ́ńtà. Orúkọ náà ti wà lára rẹ̀, ó hàn gbangba, òdòdó kékeré kan sì wà níparí rẹ̀.

"Ṣé èyí ni?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà. "Háà. Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì rẹ̀ nìyí, òmíràn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìṣó tó há sẹ́nu mì nítorí ẹ̀rín. Nígbà tí tọkọtaya náà lọ tán, ó yọ ìṣó náà lẹ́nu, ó ní, "Alábẹ́rẹ́, o ò ṣàánú. Ò bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi yangàn ná."

"Kí wọ́n lọ máa fi yangàn nílé wọn. Ó ti sú mi."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń bí èmi náà nínú. Iṣẹ́ kí èèyàn máa fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń jókòó de oníbàárà. Tí ọjà bá dá, orúkọ tí èèyàn bá rò pé wọ́n máa béèrè lọ́dún tó ń bọ̀ ni yóò máa kọ sílẹ̀ dè wọ́n. Tó bá rò ó bó ṣe rí, ó tà nìyẹn. Tó bá rò ó ṣì, bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn á jókòó tì í lọ́rùn bí ẹ̀gbọ́n ọkọ tí kò níbi tó ń lọ. Kò sì ṣeé tú. Òwú ṣeé tú o, ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ kì í dí. Ẹ gbé aṣọ yẹn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí orúkọ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti tú, tó ń wò yín lójú kòrókòró.

Orúkọ ọmọbìnrin ló sì burú jù. Ti ọkùnrin ò yọni lẹ́nu, wọ́n á máa sọ ọ́ ní orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ títí ayé, kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n. Ti obìnrin ni wọ́n máa ń pààrọ̀ bí ẹní pààrọ̀ gèlè. Nígbà tí ìyá ọkọ Alábẹ́rẹ́ wà lọ́mọdé, orúkọ ọmọbìnrin gùn, ó kún ẹnu, àdúrà gbogbo ìdílé ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó kan ìgbà tí wọ́n bí Alábẹ́rẹ́, wọ́n ní orúkọ gígùn ti di ti ará oko. Obìnrin kan wà nígbà yẹn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú, gbogbo ilé tó ní rédíò ló sọ ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Ilé tí kò ní rédíò náà sọ ọ́, kí aládùúgbò má bàa mọ̀ pé wọn ò ní. Nínú kíláàsì Alábẹ́rẹ́ nìkan, márùn-ún ló ń jẹ́ ẹ. Tíṣà á pè é lẹ́ẹ̀kan, márùn-ún á dìde. Ni wọ́n bá ń fi ìnagijẹ yà wọ́n: Dúdú, Pupa, Gíga, Eléyín. Nígbà tó kan Alábẹ́rẹ́, wọn ò rí nǹkan kan pàtó lára rẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Ìyókù.

Lẹ́yìn tiwọn ni ayé orúkọ òdòdó dé, ìgbà yẹn ló bí ọmọ tirẹ̀, òun náà ò sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dá òdòdó já. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ kúkúrú kúkúrú, tó jẹ́ pé téèyàn bá sín lójú títì, ó ti pe ọmọ mẹ́ta nìyẹn. Alábẹ́rẹ́ rò pé tí kúkúrú bá ti tán, ó máa kan tiwọn padà. Rárá o. Ńṣe ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí fo orí àwọn ìyá wọn kọjá, wọ́n lọ gbé orúkọ àwọn ìyá àgbà wá. Wọ́n ní òun ló dùn, òun ló ní ọ̀wọ̀. Orúkọ tí àwọn Alábẹ́rẹ́ ń jẹ́ kò tíì gbó tó kó dùn, kò sì tún tuntun mọ́. Ọdún ń yí lu ọdún, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn láti béèrè rẹ̀.

Èyí tó wá ń bí i nínú jù ni pé nínú gbogbo orúkọ ìyá àgbà wọ̀nyẹn, èyí tó ń tà jù ni ti ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi ò ní dárúkọ náà níbí. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, Alábẹ́rẹ́ ò sì fi ẹnu rẹ̀ pè é rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi wá pè é? "Èyí-tó-ń-tà" ni òun máa ń pè é. Ó lè kọ ọ́ láìwò ó, ó lè kọ ọ́ tòun ti oorun lójú, ṣùgbọ́n kò ní gbẹ́nu lé e.

Ẹni tó ni orúkọ náà ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le koko bí ọta. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, Màmá Àgbà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, òun ló kọ́ Alábẹ́rẹ́ níṣẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un wálé ní ìyàwó. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì báyìí, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ò tíì fọ́jú. Tí Alábẹ́rẹ́ bá parí iṣẹ́ kan, ìyá yìí á ní kó gbé e wá, á fi àtàǹpàkò tọ òwú náà láti orí dé ìdí, á sì mí kanlẹ̀.

"Ìyàwó, ọwọ́ ẹ le. Òwú yìí ń sunkún."

Ìyàwó. Kò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ìyàwó, tíì yìí ti tutù. Ìyàwó, ta ló ṣí fèrèsé? Ìyàwó, pa á dé. Alábẹ́rẹ́ á ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, ìyá á ní òtútù ń pa òun. Á pa á dé, ìyá á ní ṣé ó fẹ́ fi ooru pa òun ni. Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn ti gba gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ Alábẹ́rẹ́. Á sì kúrò nídìí ìyẹn, á padà sídìí ẹ̀rọ, á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú aláràbarà kọ orúkọ obìnrin yìí kan náà sára aṣọ ọmọ olọ́mọ. Ẹ sọ fún mi, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló máa ń pe Alábẹ́rẹ́ ní orúkọ. Láti ìta ló ti máa ń pè é bọ̀, kó tó bọ́ bàtà, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù pé kò ní bá a nílé. Ó ti kú. Látìgbà yẹn, Màmá ni, Ìyàwó ni, Àǹtí ni, Alábẹ́rẹ́ ni. Ìgbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ gbẹ̀yìn, ní ọsibítù ni. Nọ́ọ̀sì kan pè é, ó yára dìde, àfi bó ṣe rí i pé obìnrin mìíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ ẹ ni wọ́n ń pè. Ó tún jókòó. Ìyókù náà ló ṣì jẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí oyún ọmọ rẹ̀ fi jẹ́ nǹkan ńlá fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, èyí tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Onítíkẹ́ẹ̀tì. Onítíkẹ́ẹ̀tì ti sọ ọ́ gbangba pé ọ̀kan ṣoṣo lòun náà máa bí, àwọn dókítà sì ti sọ pé obìnrin ni. Tí ọmọ yìí ò bá jẹ́ orúkọ Alábẹ́rẹ́, kò sí ọmọ mìíràn tí yóò jẹ́ ẹ. Orúkọ náà á kú mọ́ ọn lára, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é mọ́ láyé. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kó tún máa gbọ́ ọ nínú ilé.

Ṣé ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀? Kò sọ. Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n fi òun sọ ọmọ? Ńṣe ló wá bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun kan tó rọ̀ bí òwú etí, ó mú òwú sílíìkì búlúù tó ti ń tọ́jú láti ayé ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọwọ́ lásán o, kò gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Kò kánjú. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ òkè pátápátá, ó tẹ́ ẹ kí orúkọ náà kọjú síta, ní ọ̀kánkán àga tí Onítíkẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó sí tó bá wá sinmi. Kò fi han ìyá ọkọ rẹ̀.

Onítíkẹ́ẹ̀tì dé ní ọjọ́ Sátidé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ó ti di búrẹ́dì."

"Gbé e sórí àpótí yẹn. Ṣé ọmọ ń yí?"

"Ó ń yí kẹ̀? Bọ́ọ̀lù ló ń gbá níbẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè iye iyọ̀: "Ẹ ti wá rí orúkọ?"

"A ti rí i. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ká má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi ni ẹnikẹ́ni?"

"Màmá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Onítíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo lè sọ ò ju pé orúkọ àgbà ni. A ò fẹ́ àwọn orúkọ tó dà bíi kéèyàn sín yẹn. Èyí ní ìwọ̀n, ó ní ọ̀wọ̀." Ó gbé ojú sókè sí pẹpẹ, ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó bọ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. "Ó wà lórí pẹpẹ yín gan-an."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ Alábẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wá a nílẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Orúkọ àgbà, lórí pẹpẹ tòun, ojú ọmọ sì lọ sókè. Tó bá jẹ́ èmi ni, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe rò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi mílíìkì sínú tíì ìyá ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó fi sí i. Màmá Àgbà tọ́ ọ wò, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo bà jẹ́ tó ò fẹ́ kí n mọ̀?"

Ọmọ dé láyọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Alábẹ́rẹ́ wọ aṣọ tó dáa, ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì funfun náà sínú báàgì, ó gba ọsibítù lọ. Yàrá náà ń rùn bí oògùn ìfọlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọkọ Onítíkẹ́ẹ̀tì ń fi fóònù ya gbogbo nǹkan ní fọ́tò, àní títí kan ife omi. Wọ́n gbé ọmọ lé Alábẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó wo imú rẹ̀, ó rí imú olóògbé ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Màmá, ẹ kí i," ni Onítíkẹ́ẹ̀tì wí. "Ẹ pè é lórúkọ." Ó sì pe orúkọ ọmọ náà.

Èyí-tó-ń-tà ni.

Alábẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. "Kí lo pè é?"

Ọmọ rẹ̀ tún un pè, ó fà á gùn, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Alábẹ́rẹ́ wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín kó lè mọ̀ pé wọ́n ń ṣàwàdà.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé Màmá Àgbà ló ránṣẹ́ sí ẹ?"

"Màmá Àgbà? Kí ló kan Màmá Àgbà níbẹ̀?" Ó ya Onítíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. "Orúkọ tó wà lórí pẹpẹ yín ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti wá, òun ni mo máa ń bá lábẹ́ ẹ̀rọ yín. Mo ní orúkọ tí ọwọ́ ìyá mi mọ̀ tó báyìí, òun náà ni ọmọ mi máa jẹ́."

Ìgbà yẹn ló tó yé Alábẹ́rẹ́ pé ọmọ òun ò mọ̀. Níbo ni ì bá ti mọ̀ ọ́n? Màámi ni bàbá rẹ̀ ń pe ẹni tó ni orúkọ náà. Màmá Àgbà ni òun fúnra rẹ̀ ń pè é. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó bí i, tó ń kọ orúkọ náà láràárọ̀, kò fi ẹnu pè é rí. Ọmọ ti gbé orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ lórí pẹpẹ bí ẹni gbé ọṣẹ.

"Èyí tó wà lókè ńkọ́?" Ohùn Alábẹ́rẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀. "Funfun, olówùú búlúù. O ò rí i?"

Onítíkẹ́ẹ̀tì gbé ojú sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà gbé fóònù sílẹ̀.

"Mo rí i, Màmá. Mo mọ̀ pé orúkọ yín ni." Ó ń fi ìka fa etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo tíṣà tó nà mí rí ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, òun náà ló ń jẹ́. Tí mo bá fẹ́ pè é, ó máa ń dà bíi pé mo fẹ́ tọrọ ààyè. Báwo ni mo ṣe máa fi pe ọmọ ọwọ́? Mo sì rò pé ẹ̀yin gan-an ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi pè yín rí látìgbà tí Dádì ti lọ."

"Ta ló kù tó lè fi pè mí?"

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní kí àwọn àlejò bọ́ síta, àsìkò ìtọ́jú ti tó. Alábẹ́rẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀, kò sì ṣí i.

Bó ṣe dé, Bàbá Oníbàtà dìde fún un. "O kú oríire o! Ọmọ ń jẹ́ ta ni?"

"Èyí-tó-ń-tà."

Ògbólógbòó ni Bàbá Oníbàtà, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí Màmá Àgbà ṣì ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó la ẹnu sílẹ̀. "Orúkọ Ìyá tó wà ní yàrá? Háà, inú wọn á dùn o! Jẹ́ kí n lọ..."

"Bàbá Oníbàtà, ẹ jókòó. Ẹ bá mi pa ẹnu yín mọ́. Wọn ò mọ̀ pé tìyá ni, ìyá náà ò sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọjà ni wọ́n fi sọ ọmọ, wọn ò fi èèyàn sọ ọ́."

"Alábẹ́rẹ́, ìyẹn ò dáa."

"Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣé tèmi ló wá dáa?"

Kò tíì jókòó dáadáa tí fóònù dún. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ti gbàgbé bùláńkẹ́ẹ̀tì. Èyíkéyìí tó bá ti wà nílẹ̀ náà ti tó o." Èyíkéyìí tó bá ti wà nílẹ̀! Fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo! Alábẹ́rẹ́ ò mọ ìgbà tó fa èyí funfun náà yọ nínú báàgì, tó mú sísọ́ọ̀sì kékeré, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun á kọ Èyí-tó-ń-tà sí ojú ibẹ̀ gan-an, kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Ó ń já òwú búlúù náà tán-án tán-án, ó ń kùn, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tó tú u tán, ó gbé aṣọ náà sókè sí ojú fèrèsé láti wo ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ kò dí. Orúkọ náà wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Òun tó ń kìlọ̀ fún gbogbo oníbàárà pé kò ṣeé tú, òun náà ló jókòó tó ń tú u. Ó ju aṣọ náà sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà, ó fa òmíràn lórí pẹpẹ, ó sì fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ wá kí Màmá Àgbà. Ìyá ń sùn lọ́wọ́ ní yàrá, Alábẹ́rẹ́ ní kí wọ́n jókòó sí pálọ̀ ná. Onítíkẹ́ẹ̀tì gbé ọmọ sórí itan, ó ń bá a ṣeré, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó tún ń pè é, pẹ̀lú ohùn òkè tí àwọn ìyá máa ń fi pe ọmọ.

"Mà!"

Láti inú yàrá ni. Ohùn náà tín-ín-rín, ohùn ọmọdébìnrin ni.

"Mo ń bọ̀, mà! Mo ti gbọ́!"

Gbogbo wọn yíjú síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọ́ ìró ọ̀pá. Màmá Àgbà yọ lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, gèlè ti ṣí lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú, ó ń wá ẹnì kan kiri inú pálọ̀ pẹ̀lú ojú bàìbàì yẹn.

"Ta ló ń pè mí?"

Onítíkẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín. "Màmá Àgbà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọmọ tuntun là ń pè."

"Èmi ni. Mo gbọ́ ọ. Ẹ má sọ pé mi ò gbọ́ ọ." Ìyá ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀. "Ta ló mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí?"

Ẹ̀rín kú lójú Onítíkẹ́ẹ̀tì. Ó wo ìyá rẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ti gbèrò pé òun ò ní sọ, pé òun á gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ta ló lè wo arúgbó tó fi ẹsẹ̀ lásán jẹ́ ìpè, kó sì sọ fún un pé irọ́ ni?

"Orúkọ wọn ni," ló wí. "Orúkọ Màmá Àgbà lo sọ ọmọ."

"Màmá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ pè é? Ìyá ọkọ mi ni!"

Onítíkẹ́ẹ̀tì bú sẹ́kún, ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Wọ́n mú ìyá jókòó, wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀, ó ń pè é, ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń wo Alábẹ́rẹ́. Ó yọ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Bàbá Oníbàtà bojú wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó rí i pé kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó gbé ojú kúrò, ó ń bá bàtà rẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn, òtútù sì mú. Láti àárọ̀ ni Màmá Àgbà ti ń ké.

"Ìyàwó, fèrèsé!"

"Mo ti pa á dé, mà."

"Òtútù ṣì ń mú mi lórúnkún."

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Alábẹ́rẹ́, orí sì ń fọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà, ohun tó kọ́kọ́ bà ló fà yọ, ó lọ dà á bo ìyá lórúnkún, ó yí padà láti gbé ife tíì tó ti tutù kúrò nílẹ̀.

Àtàǹpàkò ìyá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò lè ṣe kó má tọ aṣọ wò. "Ìyàwó, kí lo tú níbí?"

"Kò sí nǹkan, mà. Iṣẹ́ tó bà jẹ́ ni."

"Kò bà jẹ́." Ìyá tún gbé àtàǹpàkò lé e. "Wọn ò fi ẹ̀rọ kọ ọ́, ọwọ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ò sì kánjú. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀."

Láti ìgbà tí Alábẹ́rẹ́ ti wọ ilé yẹn, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá yìí rí. Ó dúró, ife lọ́wọ́, ó kẹ́yìn sí i. Àtàǹpàkò ń lọ láti ihò dé ihò, ètè ìyá ń bá a lọ, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan. Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ náà. Ó pè é tán pátá, kò gé e, kò pa á pọ̀.

"Mà?" Alábẹ́rẹ́ ti dáhùn kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.

Òjò ń rọ̀. Ìyá tún un pè, ó fà á díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe máa ń fà á láti ìta.

"Orúkọ yìí ni ọmọ mi fi máa ń da ilé láàmú," ló wí. "Nígbà tó kú tán, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mi ò fẹ́. Èmi náà ò sì lè pè é. Mo ti pè ẹ́ ní Ìyàwó pẹ́ jù, ojú ń tì mí." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sókè dé àyà. "Lọ bá mi gbé tíì mìíràn wá. Èyí ti tutù."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ò ní gbàgbọ́, ilé ò tún dákẹ́ mọ́. Ìyá á pè é fún tíì, á pè é fún fèrèsé, á pè é pé òun ò rí ṣíbí tó wà lọ́wọ́ òun. Bàbá Oníbàtà ti mọ̀ ọ́n, ó ń bá wọn gbè é lẹ́nu ọ̀nà. Alábẹ́rẹ́ ń bínú, ó ń kùn pé obìnrin yìí fẹ́ pa òun, pé òun ò lè parí ìlà kan kó má pe òun. Kò parọ́, iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀, gbogbo ayé ṣì ń béèrè Èyí-tó-ń-tà.

Lánàá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òwú kì bọ ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá.

"Alábẹ́rẹ́, wọ́n ń pè ẹ́ o," ni Bàbá Oníbàtà wí.

"Mo gbọ́."

Kò dìde. Ó gbé ọwọ́ sórí ẹ̀rọ kí ó má dún, ó sì ń dúró kí ìyá ọkọ rẹ̀ tún un pè lẹ́ẹ̀kejì.